Asẹ́ Kì Í Mú Iyọ̀: Ìṣirò Náítíréètì Láti Sókàwéè Dé Kànga

"Ilẹ̀ á sẹ́ omi ìdọ̀tí náà." Ọ̀rọ̀ yìí kì í wọ́n lẹ́nu àwọn tó ń gbẹ́ sókàwéè àti kànga sínú ọgbà kan náà. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, torí ilẹ̀ máa ń dá ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn dúró bí kànga bá jìnnà dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí mọ̀ pé eèrí ni asẹ́ ń mú. Bu iyọ̀ sí omi ògì, á bá omi kọjá. Bí iyọ̀ yẹn ni náítíréètì ṣe rí.

Nàìtírójìn inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ń jáde látinú táǹkì ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bí amóníà, èyí tí amọ̀ ṣì lè dì mú. Bó bá ti dé ilẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀, àwọn kòkòrò tíntìntín ibẹ̀ á sọ ọ́ di náítíréètì. Ìyẹn àti amọ̀ ń ti ara wọn, bí òòfà méjì tó kọ ojú kan náà síra, ló bá ń bá omi lọ. Ó dunni pé sókàwéè tó ń fa omi dáadáa gan-an ló ń ṣe é jù.

Bí ìgbà tí wọ́n ń wo iyọ̀ ọbẹ̀ ni ìṣirò rẹ̀: iyọ̀ tó mélòó, omi tó mélòó? Ká mú ilé ẹlẹ́ni márùn-ún n'Ìbàdàn, lórí púlọ́ọ̀tì tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, bíi 670 mítà onígun mẹ́rin. Nàìtírójìn tó ń jáde lára ẹnì kan tó kílò 4 lọ́dún. Ti gbogbo wọn jẹ́ 20. Ká ní ìdajì fò sáfẹ́fẹ́ lójú ọ̀nà, 10 ló kù. (Ibí yìí ni ìṣirò náà ti rọ jù, torí ilẹ̀ ò rí bákan náà.) Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ń lo 100 lítà omi lójúmọ́, ó di 182,500 lọ́dún. Òjò Ìbàdàn ju 1,200 mílímítà lọ. Bí 200 nínú rẹ̀ bá rì wọlẹ̀, lítà 134,000 nìyẹn. Kílò 10 nàìtírójìn yẹn, bó bá gba ọ́síjìn mọ́ra di náítíréètì, á tó kílò 44. Po gbogbo rẹ̀ pọ̀: náítíréètì inú lítà kan á tó mílígíráàmù 140. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó má ju 50 lọ.

Ọgbọ́n inú ìṣirò yìí ni pé kò béèrè bí kànga ṣe jìnnà tó. Ilẹ̀ tí òjò ń wọ̀ ló ń béèrè. Fi sìmẹ́ńtì tẹ́ gbogbo àgbàlá, kí òjò máa gba gọ́tà lọ, 140 á di 243. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó gbà pé gbogbo rẹ̀ pò dọ́gba. Lábẹ́ ilẹ̀, omi sókàwéè máa ń na bí ahọ́n síbi tí omi ń ṣàn sí. Kànga tó bá bọ́ sójú ahọ́n yẹn á gbà ju ìṣirò lọ, àní bó bá jẹ́ ti aládùúgbò.

Ìkókó tí wọ́n ń fi omi kànga po mílíìkì fún ni ewu rẹ̀ pọ̀ fún jù: ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò ní lè gbé afẹ́fẹ́ káàkiri ara bó ṣe yẹ, awọ rẹ̀ á sì máa dà bí aró. Síse omi náà kò mú un kúrò. Omi ló ń bá ooru lọ. Náítíréètì á kù sínú ìkòkò, á sì pọ̀ nínú lítà kan ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí iyọ̀ ọbẹ̀ tó gbẹ lórí iná.