Ìgbà tí wèrè bá tẹ̀lé wárápá

Ká ní wárápá gbé ọ̀dọ́kùnrin kan ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín alẹ́ ọjọ́ Ẹtì sí àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó sùn fọnfọn, ó jí, ó fi ẹ̀kọ jẹ mọ́ínmọ́ín, ó kí gbogbo ẹni tó wá bẹ̀ ẹ́ wò, ilé sì dúpẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, kò rí oorun sùn. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé fi máa mọ́, ó ti ń wàásù fún ògiri, ó ní ìyá òun bu májèlé sómi, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun. Kò sẹ́ni tó so ọjọ́ Ajé mọ́ ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n ní àrùn mìíràn ló dé, tàbí pé ayé ló ṣe é. Wárápá yẹn náà ni.

Iná wẹ́ẹ́rẹ́ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Bí ọ̀pọ̀ wọn bá ta iná pọ̀ lójijì, ara lè gbọ̀n, ojú lè yí, èèyàn lè má mọ ibi tó wà mọ́. (Itọ́ ẹnu rẹ̀ kì í ran ẹnikẹ́ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sá fún un.) Wárápá tí wèrè sábà máa ń bá rìn ni èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ láti apá ọpọlọ tó wà lẹ́bàá etí. Ibẹ̀ ni ìrántí, ẹ̀rù àti ìtumọ̀ ohun tí etí gbọ́ wà. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé ohùn àìrí àti ìfura máa ń wà nínú ohun tó ń ṣe é.

Ọjọ́ kan tàbí méjì tí ara fi balẹ̀ yẹn ló ń tan ìdílé jẹ. Nígbà mìíràn wákàtí díẹ̀ ni, nígbà mìíràn ó tó ọ̀sẹ̀ kan. Ní 1988, àwọn dókítà méjì, Logsdail àti Toone, là á sílẹ̀ pé wèrè tó bá bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí orí ti padà sípò, tó sì lé ní wákàtí 24 láìní ìdí mìíràn, ti wárápá ni kí wọ́n kà á sí. Ó sábà máa ń lọ láàárín ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó sì lè padà wá bí wárápá bá tún dé léraléra. Àìróorunsùn ló sábà máa ń ṣáájú. Alẹ́ yẹn gan-an ló yẹ kí wọ́n pe dókítà, kí wọ́n má sì fi í sílẹ̀ lóun nìkan, torí ó lè ṣe ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíì léṣe.

Wèrè mìíràn wà tí kì í dúró de wárápá láti tún gbéni. Àwọn dókítà Slater àti Beard ṣe àyẹ̀wò àwọn aláìsàn 69 ní London, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1963: ìpíndọ́gba ọdún tó wà láàárín ìgbà tí wárápá bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí wèrè dé jẹ́ 14. Nínú 100 ẹni tó ní wárápá, bí mẹ́fà ni wèrè, irú yòówù kó jẹ́, máa ń bá. Ṣùgbọ́n Landolt, dókítà ará Swítsàlandì, rí òdìkejì rẹ̀ ní 1953: orí àwọn kan ń dàrú lásìkò tí EEG, àyẹ̀wò tó ń wo bí iná ọpọlọ ṣe ń lọ, ń fi hàn pé iná ọpọlọ wọn ti dára. Ṣáájú rẹ̀, ní Budapest ní 1934, dókítà Meduna ti gbà pé ọ̀tá ara wọn ni wárápá àti wèrè, ó sì ń fi kàfúrà fa gìrì fún àwọn tó ní wèrè kí wọ́n lè sàn.

Oògùn àrùn méjèèjì náà lè tako ara wọn. Clozapine àti chlorpromazine, tí wọ́n fi ń tọ́jú wèrè, lè mú kí wárápá gbéni. Levetiracetam, tí wọ́n fi ń tọ́jú wárápá, lè da orí ẹlòmíì rú. Èyí tó ń bà mí nínú jẹ́ jù ni kíkó oògùn wárápá dànù lójijì nítorí pé wọ́n ti gbàdúrà. Kò sóhun tó burú nínú àdúrà. Ṣùgbọ́n oògùn tó dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà ni ó ń mú kí wárápá dé léraléra, wárápá tó dé léraléra ló sì ń bí wèrè ọjọ́ Ajé.

Bí wọ́n bá dé ilé ìwòsàn, ohun tí dókítà nílò ni ọjọ́ tí wárápá gbé e, iye ìgbà tó gbé e, alẹ́ tí kò sùn, àti oògùn tó ń lò tàbí èyí tó ti fi sílẹ̀. Ẹni tó bá kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan lọ́jọ́ Ẹtì yóò ní i lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ajé.