Ibi Tí Okùn Ti Já: Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ọmọ Girama Tó Ti Fà Sẹ́yìn Nílé

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ ọdún 15 kan tó wà ní SS1. Ẹnì kan kọ ½ + ⅓ sínú ìwé rẹ̀ pé kó ṣe é. Kò pẹ́ rárá tó fi dáhùn: 2/5. Ó ro 1 òkè mọ́ 1, ó di 2; ó ro 2 ìsàlẹ̀ mọ́ 3, ó di 5. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pé òun gbà á. Bẹ́ẹ̀, quadratic equation ni tíṣà ń kọ́ kíláàsì rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Láti praimárì ni ìdá ti ta kókó mọ́ ọn lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó bá a tú u, wọ́n sì ń gbé e lọ sí kíláàsì tuntun lọ́dọọdún. Nígbà tí èsì bá dé, wọ́n á ní olódo ni.

Irú ọmọ báyìí ni àwọn òbí kan ń mú kúrò níléèwé fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n lè kọ́ ọ nílé. Ọ̀nà yìí máa ń ṣiṣẹ́. Àwọn tí kò ṣiṣẹ́ fún, ohun tí iléèwé ń ṣe náà ni wọ́n gbé wọlé: ìwé SS1 yẹn kan náà, lórí tábìlì ìjẹun. Ohun tí kò yé ọmọ ní kíláàsì kò ní torí pé ó wà nílé kó yé e. Àǹfààní kan péré ni ilé ní tí iléèwé kò ní, ó sì tóbi: ilé lè padà sẹ́yìn. Tíṣà tó ní ọmọ 50 níwájú kò lè dá gbogbo wọn dúró torí ẹnì kan tí kò gbọ́ ìdá ní praimárì 4. Òbí tàbí tíṣà lẹ́sìn tó jókòó ti ọmọ kan ṣoṣo lè ṣe é, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń fi ọmọ náà rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ òfin kọ́kọ́ wà ńlẹ̀. Ní Nàìjíríà, òfin UBE, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ti ọdún 2004 sọ ọ́ di dandan fún òbí láti jẹ́ kí ọmọ parí praimárì ọdún 6 àti girama kékeré ọdún 3. Ọmọ tó ṣì wà ní JSS, iléèwé ló yẹ kó wà, kí ẹ̀kọ́ ilé jẹ́ ti ìrọ̀lẹ́ àti àsìkò ìsinmi. Ti girama àgbà yàtọ̀. Ẹni tó ti yege ní JSS3 lè máa kàwé nílé. WAEC sì ní ìdánwò kan fún àwọn tó ń dá forúkọ sílẹ̀ láìsí iléèwé lẹ́yìn wọn, èyí tí gbogbo èèyàn ṣì ń pè ní GCE.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ kì í ṣe ti ìkọ́ni. Ibi tí okùn ti já ni a ń wá. Kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ìwé, ẹ mú ọmọ lọ yẹ ojú wò, kí wọ́n sì yẹ etí rẹ̀ wò pẹ̀lú. Ọmọ tí kò rí pátákó láti ẹ̀yìn kíláàsì lè ti máa da ìwé ẹnìkejì rẹ̀ kọ fún ọdún mẹ́ta, kí kálukú máa rò pé ọ̀lẹ ni.

Fún Ìṣirò, ẹ wá ìwé praimárì 4 títí dé JSS3, tòkunbọ̀ tàbí èyí tí àbúrò ń lò. Ẹ mú ìbéèrè 10 nínú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kó máa gòkè bọ̀. Níbi tó bá ti ń pàdánù mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú mẹ́wàá, ibẹ̀ ni okùn ti já. Nǹkan kan wà tó ṣe pàtàkì ju máàkì lọ níbí: kí ọmọ máa sọ ohun tó ń ṣe bó ṣe ń ṣe é. "Sọ bó o ṣe dé ibẹ̀ fún mi." Ẹnu ló ń tú àṣìṣe fó. Ìwé tó kún fún àmì X pupa sọ fún wa pé ọmọ gbà á tàbí kò gbà á, kò sọ ìdí. Ọmọ tó ní 2/5 yẹn ń tẹ̀lé ìlànà kan, ìlànà ọ̀hún ni kò tọ̀nà, a kò sì lè tún un ṣe títí a ó fi gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

Ti Gẹ̀ẹ́sì rọrùn láti yẹ̀ wò, síbẹ̀ ìwọ̀nba òbí ló ń ṣe é. Kí ọmọ ka ojú ìwé kan sókè látinú ìwé JSS1, kó pa ìwé dé, kó wá fi Yorùbá sọ ohun tó kà. Bó bá ń kọsẹ̀ lára ọ̀rọ̀, tó ń méfò ọ̀rọ̀ látara lẹ́tà àkọ́kọ́, ìwé kíkà gan-an ni kò tíì mọ̀, àtorí ìró lẹ́tà àti sílébù ni wọ́n ti máa bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ orí yòówù kó jẹ́. Bó bá kà á geere bí omi àmọ́ tí kò rí nǹkan kan sọ lẹ́yìn náà, ojú ló ń kàwé, ìtumọ̀ kò wọlé. Ẹni yìí nílò ọ̀rọ̀ tuntun àti ìwé ìtàn tó fẹ́ràn, ojú ewé márùn-ún lójúmọ́. Àìsàn méjì ni, oògùn wọn ò sì jọra.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ½ + ⅓. Ọ̀pọ̀ á kàn sọ fún ọmọ pé kó wá LCM. Á há a sórí, á gbàgbé lọ́jọ́ kẹta. Ẹ gbé kíréètì ẹyin kan sílẹ̀ dípò bẹ́ẹ̀. Ẹyin 30 ló wà nínú rẹ̀. Kí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ ka ìdajì: 15. Kó ka ìdá kan nínú mẹ́ta: 10. Àpapọ̀ rẹ̀ 25. Kó wá ka ìdá méjì nínú márùn-ún, èyí tó pè ní ìdáhùn: 12. Ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kó wo ẹyin 12 yẹn. Ó mú ìdajì, ó tún fi nǹkan kún un, ohun tó wá kù sí i lọ́wọ́ kò tó ìdajì tó fi bẹ̀rẹ̀. Ojú rẹ̀ ló máa sọ fún un pé nǹkan ṣe. Lẹ́yìn èyí ni 25 nínú 30 máa di 5/6, tí LCM á sì di orúkọ ohun tó ti fojú rí: ìwọ̀n kan tí ìdajì àti ìdá mẹ́ta jọ bọ́ sí.

Kò sídìí tí àlàyé yìí fi gbọ́dọ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan ní iléèwé St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́: Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ praimárì ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún 6, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ọmọ girama tó ti fà sẹ́yìn máa ń ru ẹrù méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ìṣirò àti èdè tí wọ́n fi kọ ìbéèrè. Ẹ bá a sọ ọ̀kan kalẹ̀ ná. Kí ó yé e ní Yorùbá, kó wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì torí ìdánwò.

Kódà nọ́ńbà Yorùbá fúnra rẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́. Márùndínláàádọ́ta ni 45: 50 tí wọ́n yọ 5 kúrò nínú rẹ̀. Ọmọ tó bá fetí sí orúkọ yẹn lè fi orí ṣe 45 lọ́nà 8 láìfọwọ́ kan fóònù: 50 lọ́nà 8 jẹ́ 400, 5 lọ́nà 8 jẹ́ 40, ó ku 360. Ohun tí ìwé JSS ń pè ní expansion náà nìyẹn. Ó ti wà lẹ́nu rẹ̀ tipẹ́.

Fún oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin àkọ́kọ́, Ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì ló yẹ kó gba èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò. Ẹ̀rù máa ń ba òbí pé Biology àti Government ń kọjá lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìwé kíkà tí kò yé e ló pa Government, algebra ló sì pa Physics. Wákàtí méjì tó múná lówùúrọ̀, pẹ̀lú ìsinmi díẹ̀ láàárín, sàn ju wákàtí méje tí ọmọ ń fi sùn lórí ìwé. Lọ́sàn-án, ó lè ka ẹ̀kọ́ mìíràn kan fún wákàtí kan, ó tán.

Bí ohun tó kọ́ ṣe máa dúró ni ọ̀pọ̀ kì í ronú sí. Ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Hermann Ebbinghaus, ṣe ìwádìí lórí ara rẹ̀, ó sì gbé e jáde ní ọdún 1885: ohun tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ há sórí máa ń yára jò lọ láàárín wákàtí àti ọjọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n bó bá ń padà sórí rẹ̀ lẹ́yìn àlàfo, ó ń pẹ́ sí i kó tó lọ. Kíka ìwé kan náà lẹ́ẹ̀marùn-ún lálẹ́ ọjọ́ kan kò jẹ́ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọmọ pa ìwé dé, kó mú bébà tó ṣófo, kó kọ ohun tó rántí. Lọ́jọ́ kejì kó tún kọ ọ́, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ìwé àṣìṣe ló ń jẹ́ kí èyí rọrùn: ìwé kan lọ́tọ̀ tí ọmọ ń kọ gbogbo ìbéèrè tó ṣì sí, ìbéèrè lápá kan, ìdáhùn tó tọ̀nà lẹ́yìn ewé. Ní gbogbo òwúrọ̀, kí ẹ̀kọ́ tuntun tó bẹ̀rẹ̀, ó ń tún márùn-ún ṣe nínú rẹ̀. Èyí tó bá gbà lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń fi ìlà kọjá lórí.

Ojú sì ń ti ọmọ. Ẹni ọdún 15 tí irùngbọ̀n ti ń hù, tí wọ́n gbé ìwé praimárì 5 síwájú rẹ̀, tí àbúrò rẹ̀ sì ń kọjá! Ẹ fi kàlẹ́ńdà àtijọ́ bo ẹ̀yìn ìwé náà bí a ṣe ń ṣe nígbà kan, kí ẹnikẹ́ni má rí orúkọ kíláàsì. Kí àbúrò má sí nínú yàrá. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọmọ lágbájá ti wọ yunifásítì. Ọmọ tí ojú tì máa ń dákẹ́, bó bá sì ti dákẹ́, a kò ní gbọ́ àṣìṣe rẹ̀ mọ́, gbogbo iṣẹ́ á dúró. Bí òbí bá mọ̀ pé ara òun kì í gba nǹkan mọ́ra, kí ó gba tíṣà lẹ́sìn, kí òun máa bójú tó oúnjẹ àti àkókò nìkan.

Past question ń bọ̀ wá gbẹ̀yìn, nígbà tí ọmọ bá ti gun ìwé JSS3 kọjá. Bí a bá fún un ṣáájú, á kàn máa há ìdáhùn sórí ni. Ìgbà tó bá tó, kó fi aago sí i bíi ti ìdánwò gan-an: Ìṣirò WAEC ní ìbéèrè àṣàyàn 50 fún wákàtí kan àti ààbọ̀, lẹ́yìn náà ìwé kejì fún wákàtí méjì àti ààbọ̀, níbi tí ìbéèrè márùn-ún ti jẹ́ dandan, tí ọmọ á sì mú márùn-ún mìíràn fúnra rẹ̀. Àwọn márùn-ún tó jẹ́ dandan yìí kún fún ìdá, ìdá ọgọ́rùn-ún, indices àti algebra kéékèèké, ohun tí ọmọ fi oṣù bíi mélòó kan tún kọ́ láti ìsàlẹ̀.

Àwọn kan á wá sọ fún òbí pé sẹ́ńtà kan wà níbi tí wọ́n ti ń bá ọmọ ṣe é. Sẹ́ńtà ìyanu ni wọ́n ń pè é. WAEC ń fagi lé èsì irú ibẹ̀, ọmọ tí kò sì lè ṣe ½ + ⅓ kò ní lè ṣe é ní yunifásítì náà.

Ọ̀nà tó tọ́ kò ṣòro. Ìgbà méjì lọ́dún ni WAEC ń ṣe ti àwọn tó ń dá ṣe é, ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ọ̀kan ní ìdajì kejì ọdún. NECO náà ní tiwọn ní ìparí ọdún. Láti ọdún 2024 ni WAEC ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò yìí, nítorí náà ọmọ gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń lo máòsì kí ọjọ́ tó pé. Nínú Physics, Chemistry àti Biology, àwọn tó ń dá ṣe é kì í wọ yàrá ìwádìí. Ìwé tí wọ́n ń pè ní alternative to practical ni wọ́n ń kọ. Ó máa ń gbé àwòrán ohun èlò àti nọ́ńbà tí wọ́n kà lára rẹ̀ síwájú ọmọ. Ẹ bẹ iléèwé kan lọ́wẹ̀ kí ọmọ fojú rí burette àti pipette, ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn nǹkan olómi, lẹ́ẹ̀kan, àwòrán náà á yé e kíákíá.

Kírẹ́díìtì márùn-ún, tí Gẹ̀ẹ́sì wà nínú rẹ̀, tí Ìṣirò náà sì wà nínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́, ni yunifásítì ń béèrè. Láti A1 dé C6 ni kírẹ́díìtì. D7 àti E8 kò tó. Ọ̀pọ̀ ń gba ìjókòó méjì, ìyẹn ni pé ọmọ tó mú Gẹ̀ẹ́sì àti ẹ̀kọ́ mẹ́ta mìíràn nígbà àkọ́kọ́ lè padà wá Ìṣirò nígbà kejì, kó pa èsì méjèèjì pọ̀. Àwọn yunifásítì kan kì í gba ju ìjókòó kan lọ fún ẹ̀kọ́ bí ìṣègùn. Bó bá jẹ́ pé dókítà ni ọmọ fẹ́ dà, kí wọ́n má kánjú forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdánwò ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kí wọ́n dúró de ìgbà tí ìwé àṣìṣe bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo.