Ẹni tó ń gba ọ̀dọ́ wọlé, àti àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀

Ọ̀dọ́ tó bá kọ́kọ́ yọjú sí àjọ aláàánú tó ń bá ọ̀dọ́ ṣiṣẹ́ kì í mọ̀ pé àjọ ni òun wá. Ẹnìkan ló sọ fún un pé àwọn kan máa ń pàdé níbẹ̀ nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, pé wọn kì í gbowó ìwọlé. Yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò máa tẹ fóònù bí ẹni tó ń retí ẹlòmíì. Òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní fi fọ́ọ̀mù pàdé rẹ̀. Yóò kí i, yóò sì máa to àga tó ń tò lọ, ìgbà tó bá ṣe díẹ̀ yóò ní: "Jọ̀ọ́, bá mi gbé apá kan tábìlì yìí." Ibi tí wọ́n bá ti ń gbé tábìlì ni ọ̀rọ̀ ti máa bẹ̀rẹ̀. Lójú ẹni tó ń kọjá lọ, eré ni wọ́n ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ gan-an nìyẹn. Gbogbo àwọn tó kù tó ń gbowó oṣù nínú àjọ náà, kí ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn lè wáyé ni wọ́n ṣe wà níbẹ̀.

Kí àjọ tó gba òṣìṣẹ́ kankan, ó ní láti pinnu ẹni tí òun ń pè ní ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀ náà kò sì rọrùn bí ó ṣe rí lẹ́nu. Nínú ìṣirò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ẹni ọdún 15 sí 24 ni ọ̀dọ́. Ìgbìmọ̀ Aláàbò àjọ kan náà, nínú ìpinnu 2250 tó ṣe ní 2015, ní ẹni ọdún 18 sí 29 ni. Ìwé Àdéhùn Àwọn Ọ̀dọ́ Áfíríkà ti 2006 bẹ̀rẹ̀ láti 15, ó nà án dé 35. Àdéhùn Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 1989 ní tirẹ̀ ka ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé, àfi níbi tí òfin ìlú bá ti ní ó dàgbà ṣáájú ìgbà náà. Nítorí náà, ọmọ ọdún 16 tó bá wọn gbé tábìlì lẹ́ẹ̀kan, ọ̀dọ́ ni, ọmọdé sì ni. Ẹni ọdún 23 tó jókòó tì í, àgbàlagbà ni lójú òfin. Àjọ tó bá kó gbogbo wọn sí yàrá kan láìsí ètò ń fọwọ́ ara rẹ̀ fa ìjọ̀gbọ̀n. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi máa ń pín wọn sí ẹgbẹ́ ọjọ́ orí, tí wọ́n sì máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ iye òṣìṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Àwọn òṣìṣẹ́ kan kì í jókòó de ọ̀dọ́ rárá. Ibi tí àwọn ọ̀dọ́ bá wà ni wọ́n ń lọ: ẹ̀gbẹ́ pápá bọ́ọ̀lù, ibùdókọ̀, ẹ̀yìn ilé ìtajà. Méjì méjì ni wọ́n ń rìn, ọjọ́ kan náà, àkókò kan náà, láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn ọ̀dọ́ yóò rò pé ọlọ́pàá ni wọ́n. Lọ́sẹ̀ kejì, wọn yóò béèrè ohun tí wọ́n ń tà. Ó lè di oṣù kejì kí ẹnikẹ́ni tó bá wọn sọ ọ̀rọ̀ gidi, ó sì lè jẹ́ ọjọ́ tí òjò ń rọ̀, tí gbogbo ènìyàn ti gbà pé wọn ò ní wá, ni onítọ̀hún máa lanu. Wíwá tí wọ́n ń wá náà ni irinṣẹ́ wọn. Ẹni tó bá wá lẹ́ẹ̀mẹta tó wá pa á jẹ lẹ́ẹ̀kẹrin ti padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ya iṣẹ́ yìí sọ́tọ̀ sí ti olùkọ́ ni pé ọ̀dọ́ lè dìde kó máa lọ nígbàkúùgbà. Kò sí máàkì, kò sí ìwé ẹ̀rí, kò sẹ́ni tó máa pe òbí rẹ̀ bí kò bá wá. Tó bá padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó wù ú ni. Òṣìṣẹ́ ní láti fa ojú rẹ̀ mọ́ra láìdi ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìlà àárín méjèèjì kò sì fẹ̀. Fóònù àjọ ló fi ń pè é, kì í ṣe tirẹ̀. Kì í yá a lówó, kì í gbé e lọ sílé ní òun nìkan, kì í bá a ṣọ̀rẹ́ lórí ìkànnì ayélujára pẹ̀lú orúkọ ara rẹ̀. Ọ̀dọ́ tí kò rí ẹni fojú jọ nílé lè ka èyí sí ìwà ọ̀dájú, òṣìṣẹ́ tuntun náà sì máa ń rò bẹ́ẹ̀, àfi ìgbà tí ẹjọ́ àkọ́kọ́ bá dé.

Bí ẹjọ́ ṣe máa ń dé rèé. Gbogbo ènìyàn ti ń lọ, ọmọbìnrin kan ń fi iṣẹ́ ìgbálẹ̀ falẹ̀. Ó ní: "Tí mo bá sọ nǹkan kan fún yín, ṣé ẹ lè ṣèlérí pé ẹ ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni?" Ohun tó máa yá lẹ́nu ni "bẹ́ẹ̀ ni," torí ẹ̀rù ń bani pé bí a bá sọ ohun mìíràn, yóò pa ẹnu rẹ̀ dé. Ṣùgbọ́n èyí ni ìbéèrè kan ṣoṣo tí a ti kọ́ òṣìṣẹ́ ní ìdáhùn rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti wọṣẹ́: "Mi ò lè ṣèlérí ìyẹn. Tó bá jẹ́ ohun tó lè pa ẹ́ lára ni, mo ní láti sọ fún ẹnìkan tó lè ṣèrànwọ́, mo sì máa sọ ẹni náà fún ẹ. Ṣùgbọ́n mo wà níbí, mò ń gbọ́." Púpọ̀ nínú wọn a sọ ọ́ síbẹ̀, torí ẹni tí kò purọ́ fún wọn ni wọ́n ń wá.

Lẹ́yìn ìyẹn, òṣìṣẹ́ kì í ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Kì í bi í ní ìbéèrè tó ti ní ìdáhùn nínú, irú bí "ṣé bàbá rẹ ni?" Ohun tó bá gbọ́ ló máa kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, bó ṣe jáde lẹ́nu ọmọ náà gan-an, pẹ̀lú déètì àti àkókò, yóò sì gbé e fún ẹni tí àjọ yàn ṣe alábòójútó ààbò àwọn ọmọ. Alábòójútó yìí ló máa pinnu bóyá ọ̀rọ̀ náà yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ tí òfin fún lágbára láti ṣèwádìí. Òun náà ló ń rí i pé wọ́n yẹ ìtàn ẹ̀yìn gbogbo ẹni tó fẹ́ bá àwọn ọmọ ṣiṣẹ́ wò, tí wọ́n sì pe àwọn tó ti bá a ṣiṣẹ́ rí kí ó tó wọlé. Nínú àjọ kékeré, iṣẹ́ yìí máa ń wà lọ́rùn ẹni tó ti ní iṣẹ́ méjì mìíràn, àléébù tó lágbára sì ni. Àwọn olùyọ̀ǹda ara-ẹni, tó jẹ́ pé láìsí wọn ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn kò ní ṣí, wà lábẹ́ àwọn òfin kan náà yìí. Pé ènìyàn kò gbowó kò ní kí wọ́n má yẹ̀ ẹ́ wò.

Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìn rere, níbí yìí sì ni kẹ̀kẹ́ náà ti máa ń já ní ṣéènì. Ẹnìkan wà ní ọ́fíìsì tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wá owó: ó ń kọ̀wé sí àwọn ilé-iṣẹ́ afúnnilówó, ó ń bá àwọn tó ń dáwó lóṣooṣù sọ̀rọ̀, ó ń ka ìlànà olójú-ìwé púpọ̀ láti mọ ohun tí wọn kò ní san owó fún. Oríṣi owó méjì ló ń wọlé. Èkínní ni èyí tí olówó ti so mọ́ iṣẹ́ kan: bí ó bá ní ti ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ni, a kò gbọ́dọ̀ fi san owó iná. Èkejì ni èyí tí àjọ lè lò bó ṣe yẹ. Ti àkọ́kọ́ rọrùn láti rí torí ó ṣeé yà ní fọ́tò. Ti èkejì ṣọ̀wọ́n, bẹ́ẹ̀ òun ló ń san owó ilé, owó iná, àti owó oṣù ẹni tó ń ṣe ìṣirò. Akọ̀wé owó ló ń ṣọ́ kí méjèèjì má dàpọ̀. Òun ló ń bèèrè ríṣíìtì omi tí wọ́n rà, òun ló sì ń rí i pé ènìyàn méjì buwọ́ lu ìwé kí owó tó jáde, kódà bí ọ̀gá bá ń kánjú.

Owó tí wọ́n so mọ́ iṣẹ́ sì máa ń ní ọjọ́ tó máa tán, ọdún kan, ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ ẹni tó ń gba ọ̀dọ́ wọlé sì máa ń bá a tán. Ọ̀dọ́ tó fi oṣù mẹ́jọ kọ́ bí a ṣe ń fọkàn tán ènìyàn kan yóò dé lọ́jọ́ kan, yóò bá ẹlòmíì níbẹ̀ tàbí ilẹ̀kùn títì. Nínú ìròyìn ọdún, ohun tí wọ́n máa kọ ni pé iṣẹ́ náà "parí ní àṣeyọrí."

Ìròyìn yẹn fúnra rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò iṣẹ́ ń ka iye ẹni tó wá, iye ìgbà tí wọ́n wá, ó sì ń gbìyànjú láti mọ ohun tó yí padà. Iye ènìyàn rọrùn láti kà. Ṣùgbọ́n báwo la ṣe máa ka ọmọkùnrin tí kì í wo ojú ènìyàn tẹ́lẹ̀, tó wá dìde lọ́jọ́ kan láti sọ pé ètò tí wọ́n ṣe kò dára? Ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò fi àkọsílẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ojú pápá ti nọ́ńbà lẹ́yìn, kò sì ní lo fọ́tò tàbí ìtàn ọmọ kankan láìgba àyè. Ọmọ tí ìtàn ìṣòro rẹ̀ wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní ọdún 15 ṣì máa wá iṣẹ́ ní 25.

Lókè gbogbo wọn ni adarí àgbà wà, àti lókè adarí, ìgbìmọ̀ alákòóso. Àwọn tó wà nínú ìgbìmọ̀ kì í sábà gbowó, ọrùn wọn ni òfin sì máa ń gbé ẹrù náà kọ́ bí nǹkan bá bàjẹ́. Wọ́n ń gba adarí síṣẹ́, wọ́n ń fọwọ́ sí bọ́jẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń bèèrè ìbéèrè tó le. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ kì í ṣe tiwọn. Èyí tó bá ń pe òṣìṣẹ́ lórí fóònù láti sọ irú eré tí wọn yóò ṣe ní Ọjọ́bọ̀ ti kọjá àyè rẹ̀.

Ibo wá ni ọ̀dọ́ fúnra rẹ̀ wà nínú gbogbo èyí? Abala 12 nínú Àdéhùn 1989 sọ pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ láti sọ èrò rẹ̀ lórí ohun tó kàn án, kí wọ́n sì fún èrò náà ní ìwọ̀n tó yẹ ọjọ́ orí àti òye rẹ̀. Ní 1992, olùwádìí kan, Roger Hart, kọ ìwé kan lórí ìkópa ọmọdé fún UNICEF, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé, ó ya àkàsọ̀ alágbèékà mẹ́jọ sínú rẹ̀. Àgbékà mẹ́ta ìsàlẹ̀ kì í ṣe ìkópa rárá: ibi tí wọ́n ti ń lo ọmọ fún ète tí kì í ṣe tirẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń fi í ṣe ọ̀ṣọ́, àti ibi tí wọ́n ti fún un ní àga lásán. Ti ìkẹta yìí ló pọ̀ jù. Wọn a pe ọ̀dọ́ méjì sí ìpàdé ìgbìmọ̀, wọn a kó ìwé olójú-ìwé 40 fún wọn lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, àwọn àgbà a máa sọ̀rọ̀ lọ, nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, alága a ní: "Àwọn ọ̀dọ́ wa ńkọ́?"

Àwọn tó ṣe é dáadáa máa ń fi í síbi tó ti lè dun àgbà: ìgbanisíṣẹ́. Bí àyè bá ṣí sílẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin ni yóò jókòó sí yàrá kejì, pẹ̀lú ìbéèrè tí àwọn fúnra wọn kọ, máàkì tiwọn yóò sì jẹ́ ìdajì gbogbo máàkì. Àgbà máa ń bèèrè ìrírí àti ìwé ẹ̀rí. Nínú ìbéèrè tiwọn, ọ̀kan lè rí báyìí: "Tí mo bá wá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mi ò bá yín sọ̀rọ̀, kí lẹ máa ṣe?"

Ẹni tó bá dáhùn pé òun máa pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti mọ ohun tó ń ṣe é, wọn a fún un ní méjì nínú mẹ́wàá. Ẹni tó ronú díẹ̀, tó ní òun máa rí i dájú pé àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tó máa ń jókòó sí kò kúrò níbẹ̀, òun ni wọ́n máa ń pè padà.