Abunáfẹ́rọ: kí ló dé tí mi ò fi ní pè é ní awakọ̀

Àpótí kan wà tó ń díwọ̀n iná fún mọ́tò kó lè yára yí tàbí kó rọra yí, òyìnbó ń pè é ní electric drive. Orúkọ Yorùbá rẹ̀ là ń wá. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé “awakọ̀ iná mànàmáná.” Awakọ̀ kẹ̀! Àpótí irin tí wọ́n kàn mọ́ ògiri, tó wà láàárín wáyà NẸ́PÀ àti mọ́tò tó ń yí ẹ̀rọ gàrí, ni ẹnì kan sọ di ẹni tó jókòó sídìí ọkọ̀ lójú ọ̀nà Adó sí Ìkẹ́rẹ́. Kò sí ìdí méjì ju pé òyìnbó ń pè é ní drive. Òyìnbó tó sọ bẹ́ẹ̀ kò sì ní ọkọ̀ lọ́kàn rárá.

Àwọn kan sá fún ìyẹn, wọ́n ní “ìdarí mọ́tò.” Ó dà bíi pé ó tọ́, àfi tí ẹ bá sọ ọ́ létí ìyá tó ń ta iyán l'Ọ́jà Ọba. Ohun tí mọ́tò jẹ́ lẹ́nu Yorùbá ti pẹ́: ọkọ̀ ni. Ìyá yẹn á rò pé ẹ fẹ́ kọ́ ọmọ òun ní ọkọ̀ wíwà ni.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni “ínfátà.” Àwọn oníṣẹ́ iná ń pè é bẹ́ẹ̀ nítorí ó ní abala kan nínú tó ń jẹ́ orúkọ yẹn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ínfátà tí gbogbo ilé mọ̀ ni èyí tó ní bátìrì, tó ń gba iṣẹ́ ṣe nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Ọ̀gbẹ́ni kan ládùúgbò wa ra ẹ̀rọ amúlétutù tí wọ́n kọ “inverter” sí lára, ó sì fi odindi ìrọ̀lẹ́ kan wá bátìrì rẹ̀. Ohun tó wà nínú ẹ̀rọ náà ni ohun tí à ń sọ yìí gan-an: ó ń mú kí kọ́mpúrésọ̀ rẹ̀ rọra yí nígbà tí yàrá bá ti tutù, dípò kó máa kú kó tún máa dìde.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ni ní fíṣíìsì faramọ́ “ìjánu.” Mo gbà pé ọ̀rọ̀ tó dùn ni. Ṣùgbọ́n bíréèkì ti gba ìjánu lọ́wọ́ wa, iṣẹ́ dídá ẹ̀rọ dúró sì jẹ́ ìdá kékeré kan péré nínú iṣẹ́ àpótí yìí. Bí ẹrù bá ń ti mọ́tò dípò kí mọ́tò máa ti ẹrù, iná á ṣàn padà sẹ́yìn. Ẹ ní láti fi rẹ̀sísítọ̀, ohun tó ń sọ iná di ooru, jó o dànù tàbí kí ẹ dá a padà sórí wáyà tó ti wá. Bí gbogbo àpótí bá ti ń jẹ́ ìjánu, orúkọ wo la ó wá fún ìyẹn?

Abunáfẹ́rọ ni tèmi: ohun tó ń bu iná fún ẹ̀rọ. Wọ́n ní ó gùn. Amóhùnmáwòrán ńkọ́? Agbára ọ̀rọ̀ náà wà nínú “bù,” nítorí ẹni tó ń bu nǹkan kì í kó gbogbo rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ìwọ̀n ló ń fúnni. Iṣẹ́ ibẹ̀ gan-an nìyẹn. Iná fésì mẹ́ta 415 fóltì wọlé, a sọ ọ́ di iná tó ń ṣàn sí ìhà kan ṣoṣo (DC), tó tó 580 fóltì, nínú kápásítọ̀ tó ń tọ́jú iná pamọ́ fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà a wá ń gé e wẹ́wẹ́, ìgbà 4,000 sí 16,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí gígé bá fẹ̀, mọ́tò rí púpọ̀. Bó bá tín-ín-rín, ó rí díẹ̀. Èyí tí NẸ́PÀ ń fún wa kò mọ ìwọ̀n: 50 hẹ́ẹ̀tìsì ni, ìyẹn ni pé ó ń lọ ó ń bọ̀ nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, mọ́tò olópó mẹ́rin (orí òòfà mẹ́rin ló ń dá sílẹ̀ nínú rẹ̀) á sì sáré tó súnmọ́ 1,500 yíyí láàárín ìṣẹ́jú kan, bóyá ẹrù wà tàbí kò sí. Tí ẹ bá sì tan án ní tààrà, á kọ́kọ́ fa iná ìlọ́po mẹ́fà tàbí méje ohun tó nílò. Ìdí nìyẹn tí gílóòbù àdúgbò fi ń ṣẹ́jú nígbà tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ ọlọ.

Àwọn tó ń tà á á sọ fún yín pé tí ẹ bá dín eré pọ́ǹpù kù sí ìdá 80 nínú 100, agbára tó ń jẹ á já sí nǹkan bí ìdá 51, nítorí pé 0.8 × 0.8 × 0.8 ni. Òótọ́ ni, níbi tí omi kàn ń yípo nínú páìpù. Ní ilẹ̀ olókè bíi tiwa, tí ẹ ń ti omi lọ sínú táǹkì lókè Ẹ̀fọ̀n, omi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gun òkè ná. Bí eré bá lọ sílẹ̀ jù, pọ́ǹpù á máa yí, iná á máa jó, omi ò sì ní kán sínú táǹkì. Èrè wà níbẹ̀, àmọ́ kò tó tinú ìwé.

Ẹ jẹ́ ká wá débi tí ìmọ̀ wà. Òyìnbó ń pe ọgbọ́n tí àpótí yìí fi ń bu iná ní field-oriented control, mo pè é ní bíbu iná tẹ̀lé òòfà. Ẹ wo ọkùnrin mẹ́ta tó yí odó ńlá kan ká, tí wọ́n ń gún iyán ìnáwó. Bí ọmọ odó ẹni àkọ́kọ́ ti ń gòkè ni ti ẹnì kejì ń bọ̀ nílẹ̀, ti ẹnì kẹta ń tẹ̀ lé e. Fésì mẹ́ta nìyẹn, iyán tó ń yí lọ nínú odó sì ni rótọ̀, ìyẹn apá tó ń yí nínú mọ́tò. Èyí tó bá bọ́ sáàárín gbùngbùn kàn ń tẹ iyán mọ́lẹ̀ ni. Èyí tó bá gba ẹ̀gbẹ́ ló ń tì í yí. A nílò méjèèjì, nítorí iyán tí kò gbára mú kò ṣeé tì. Ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ méjì, Hasse ní Darmstadt àti Blaschke ní iléeṣẹ́ Siemens, ní Jámánì, gbé jáde ní ìparí àwọn ọdún 1960 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 kò ju pé ká ya ipá ìtẹ̀mọ́lẹ̀, ìyẹn iná tó ń dá òòfà sílẹ̀ nínú mọ́tò, kúrò lára ipá ìtì, ìyẹn iná tó ń yí i, ká sì máa bu ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ó di ìgbà tí kọ̀ǹpútà kékeré tó yára dé kó tó ṣeé ṣe láàárín ọjà. Takahashi àti Noguchi ní Japan gba ọ̀nà mìíràn ní 1986. Àwọn ọ̀mọ̀wé lè fi ìyàtọ̀ wọn jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò kàn wá níbí.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹni tó ń gún gbọ́dọ̀ mọ ibi tí iyán yí dé. Ẹnkódà, ohun tí wọ́n ń dè mọ́ mọ́tò láti ka yíyí rẹ̀, ni ojú tó fi ń rí i, ṣùgbọ́n ó wọ́n, eruku àti omi ń bà á jẹ́, kò sì sẹ́ni tó máa sọ ọ́ kalẹ̀ tẹ̀lé sùmó, pọ́ǹpù tí wọ́n ń rì sínú omi, sísàlẹ̀ kànga ẹ̀rọ. Nítorí náà, inú òkùnkùn la ti ń gún un báyìí. Dídún odó la fi ń mọ̀, ìyẹn fóltì tí rótọ̀ fúnra rẹ̀ ń dá padà sínú kọ́ìlì, wáyà tí wọ́n wé sínú mọ́tò. Bí gígún bá yá, ó ń dún ketekete. Bó bá falẹ̀ débi pé ó fẹ́ dúró, kò sí ìró mọ́, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ abunáfẹ́rọ ti ń ṣìnà, pàápàá bí mọ́tò bá gbé ẹrù dání láìyí. Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá sí i ni pé kí wọ́n máa lu etí odó jẹ́jẹ́, ìyẹn iná kékeré tó ń gbọ̀n kíákíá, kí wọ́n lè fi gbọ́ ibi tí iyán dúró sí. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún rótọ̀ tí ìhà rẹ̀ kò dọ́gba. Èyí tó rí bákan náà yí ká kì í dáhùn. Lórí ìyẹn, bí kọ́ìlì bá gbóná, ìdènà iná inú rẹ̀ á ròkè, gbogbo ìṣirò tí a gbé lé e á sì yẹ̀.

Ti òòfà olówó ńlá tí wọ́n ń fi sínú rótọ̀ àwọn mọ́tò kan kò gba ariwo púpọ̀. Orílẹ̀-èdè Ṣáínà ló ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú èròjà rẹ̀, owó rẹ̀ sì fò sókè ní 2010 sí 2011, ni àwọn oníṣẹ́ bá tún yíjú sí mọ́tò tí kò ní òòfà nínú. Àwọn kan nínú irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ máa ń gbọ̀n, abunáfẹ́rọ ló sì kù tó máa tù ú lójú.

Èyí tó kàn wá l'Ékìtì jù ni ohun èlò tí wọ́n fi ń gé iná. Sílíkọ́nì lásán ni tẹ́lẹ̀. Sílíkọ́nì kábáìdì ló ń gbòde báyìí, iléeṣẹ́ Tesla fi sínú ọkọ̀ oníná rẹ̀, Model 3, ní 2017. Ó ń gé iná kíá, kì í gbóná púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí gígé bá mú jù tí wáyà sì gùn, iná tó dé ìdí mọ́tò á ta padà, á gun ara rẹ̀ lórí, 580 fóltì á di bí 1,100. Inú àpáta la ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí níhìn-ín, wáyà sùmó wa kì í sì í kúrú. Kọ́ìlì á jó, wọ́n á ní omi ló wọ̀ ọ́. Bíárìn náà ń fara gbá: iná ń wá ọ̀nà gbà á kọjá lọ sílẹ̀, á máa jẹ ojú irin rẹ̀ ní tótòtó títí á fi máa hùn. Oníṣẹ́ á pààrọ̀ rẹ̀, yóò tún hùn, wọ́n á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún àwọn. Kí ẹ tó tún wé kọ́ìlì kan, ẹ béèrè bóyá fíltà, ohun tó ń dín mímú gígé iná kù, wà lójú wáyà, kí ẹ sì rí i pé ẹ̀gbẹ́ abunáfẹ́rọ lókè ni wọ́n dè é mọ́, kì í ṣe ìsàlẹ̀ lọ́dọ̀ sùmó.