Iná Ni Ọgbà Aró: Bí Wọ́n Ṣe Ń Ṣe Ọnà Sára Àwo Kòtò Onígi

Aró kì í dúró sójú kan lára igi. Iṣan tín-ín-rín tó ń gbé omi kiri nígbà tí igi wà lóòró ṣì wà nínú pákó. Bí aró bá kàn án, yóò fà á bí òwú fìtílà ṣe ń fa kẹrosíìnì. Ẹni tó bá kun òdòdó pupa sára àwo láìdá aró lẹ́kun, àbàwọ́n ni yóò bá níbẹ̀ tó bá fi máa gbẹ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi iná fa ilà yí òdòdó náà ká kí wọ́n tó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ aró. Ẹwà ni ojú ń rí nínú ilà dúdú yẹn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọgbà ló ń ṣe.

Ẹ̀rọ ló ń yí àwo fúnra rẹ̀: wọ́n á de igi mọ́ ọn, yóò máa yí bírí, oníṣẹ́ á sì fi irin mímú há a títí yóò fi di àwo. Igi funfun ni wọ́n ń wá. Àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn mépù. Lọ́dọ̀ tiwa, arère ló sún mọ́ ọn ní àwọ̀, bó tilẹ̀ rọ̀ jù ú lọ. Ìrókò lálòpẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ó ti pọ́n jù kí aró tó hàn lára rẹ̀. Eruku arère máa ń dá ikọ́ fée (ásímà) sílẹ̀ fún àwọn kan, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi sáńpépà dán an láìbo imú.

Irin tí wọ́n fi ń jó ilà dà bí bíírò. Wáyà náíkíróòmù (àdàlù irin níkẹ́lì àti kúrómíọ̀mù) tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà lẹ́nu rẹ̀, iná mànàmáná ló sì ń mú un gbóná. (Irin tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe fi ń yọ́ òjé lè ṣe é dé àyè kan, ẹnu rẹ̀ ló nípọn jù.) Igi ń pọ́n nígbà tí ooru bá kọjá nǹkan bí 200°C. Fífi agbára tẹ irin kọ́ ló ń mú ilà dúdú, bó ṣe pẹ́ lójú kan tó ni. Ibi tí irin ti kọ́kọ́ balẹ̀ ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù: afẹ́fẹ́ kì í gba ooru lẹ́nu rẹ̀ tó bí igi ṣe ń gbà á, nítorí náà ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kan igi ló gbóná jù, àmì dúdú roboto á sì yọ níbẹ̀. Ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ti ń lọ kí irin tó kan igi, bí àṣá ṣe ń gbé òròmọdìẹ láìdúró.

Ọgbọ́n iná yìí kì í ṣe àjèjì ní Nàìjíríà. Ọ̀bẹ ni afíngbá Ọ̀yọ́ fi ń fín igbá, ṣùgbọ́n ní agbègbè odò Gongola ní àríwá ìlà-oòrùn, irin gbígbóná ni wọ́n fi ń kọ ọnà sí i lára.

Gọ́tà kékeré ni ilà tí irin jó sára àwo. Ó gé iṣan igi já, ó sì sun ẹnu wọn di èédú. Bí kò bá jìn tó, aró á gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Aró díẹ̀ ni búrọ́ọ̀ṣì ń gbé, àárín òdòdó ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, kí aró fúnra rẹ̀ rìn dé etí ọgbà. Lápá méjì tí ẹnu iṣan igi ti kọjú síta lára àwo, igi ń mu aró bí ẹni òùngbẹ ń gbẹ, nítorí náà wọ́n máa ń la aró náà kó má ki jù níbẹ̀.

Aró olómi ń mú kí irun igi dìde. Wọ́n á kọ́kọ́ fi omi lásán pa àwo, kó gbẹ, kí wọ́n tún un dán, kí iná tó kàn án. Aró oní-sípíríìtì kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó máa ń sáré ju olómi lọ. William Perkin, onímọ̀ kẹ́míkà ará Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́kọ́ ṣe aró àtọwọ́dá tó di ọjà, ní 1856, lọ́mọ ọdún 18. Oògùn ibà, kíníìnì, ló ń wá tó fi ṣèèṣì rí aró.

Wọn kì í jó ilà lórí aró tàbí fáníìṣì, torí èéfín rẹ̀ léwu. Fáníìṣì ṣẹ́láàkì náà ní tirẹ̀: sípíríìtì ló yọ́ ọ, bí búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ bá kọjá lórí aró oní-sípíríìtì, pupa á wọ inú yẹ́lò. Inú àwo ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀ láìkùn bí oúnjẹ yóò bá wọ ibẹ̀. Oòrùn sì ń ṣá aró. Àwo tó bá jókòó sójú fèrèsé fún ọdún mélòó kan, ilà tó jó dúdú dáadáa ni yóò kù lára rẹ̀, òdòdó inú ọgbà á ti funfun.