Ọbẹ̀ adìẹ oníkríìmù: ohun tí kì í jẹ́ kó dì

Mílíìkì tí àwọn obìnrin Fúlàní inú gáà ẹ̀bá Ìlọrin ń mọ̀ọ́mọ̀ mú dì kó lè di wàrà, òun náà ni ẹni tó ń se ọbẹ̀ adìẹ oníkríìmù ń ṣọ́ lójú méjèèjì kó má baà dì. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọbẹ̀ yìí wà. Adìẹ dídín, tòmátì gbígbẹ, aáyù, kríìmù (apá mílíìkì tó lọ́ràá jù) àti wàràkàṣì líle ni wọ́n fi ń sè é, inú páànù pẹrẹsẹ kan ṣoṣo sì ni gbogbo rẹ̀ ti ń jinná. Orúkọ Ítálì ni wọ́n fi ń pè é, ṣùgbọ́n ìdáná àwọn ará Amẹ́ríkà ló sún mọ́ jù. Ní Tuscany, agbègbè Ítálì tí wọ́n sábà máa ń dárúkọ mọ́ ọn, òróró ólífì ni wọ́n fi ń dáná, kì í ṣe kríìmù.

Adìẹ àgíríkì ló yẹ ọbẹ̀ yìí. Àgbébọ̀ kò bá a mu rárá, torí ẹran rẹ̀ le, ó sì ń fẹ́ iná pípẹ́ kó tó rọ̀. A ó nu ara ẹran náà gbẹ, a ó fi iyọ̀ àti ata gígún ra á lára, lẹ́yìn náà ni yóò wọ inú òróró tó ti gbóná dáadáa. Nínù yẹn ṣe pàtàkì. Omi kì í gbóná kọjá 100°C, bẹ́ẹ̀ sì ni ara ẹran ní láti tó nǹkan bí 140°C kó tó pọ́n dáadáa, kí òórùn dídùn tó jáde. Èyí tí omi ṣì wà lára rẹ̀, bíbọ̀ ló máa bọ̀, kò ní dín. Bó bá ti wọ òróró, kí a fi í sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 5 kí a tó yí i. Tó bá ti pọ́n tó, yóò tú fúnra rẹ̀. Èyí tí a ń fipá tú kò tíì tó yí.

Bí ojú méjèèjì bá ti pọ́n, a ó kó ẹran sápá kan, kò tíì pọn dandan kí inú rẹ̀ jinná. Ẹ má fọ páànù náà o! Ẹ̀rúnrún pupa tó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ ló ni adùn ọbẹ̀. Àlùbọ́sà, aáyù àti tòmátì ló máa wọ orí rẹ̀, lẹ́yìn náà ni omi ẹran díẹ̀, tí a ó máa fi ṣíbí onígi ha ìdí páànù títí gbogbo rẹ̀ á fi yòrò. Ẹni tí kò bá rí tòmátì gbígbẹ lè ra tútù ní ọjà Ìpàta ní Ìlọrin, kó là á sí wẹ́wẹ́, kó sì dín in títí omi rẹ̀ á fi gbẹ.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ kan mílíìkì. Purotéènì tó wà nínú mílíìkì ń léfòó káàkiri láìso mọ́ra. Kíkan, ooru, tàbí omi ara àwọn ewéko kan ló ń mú kí wọ́n so. Ẹni tó ń ṣe wàrà á fún omi bọmubọmu sínú mílíìkì lórí iná. Purotéènì á dì, omi rẹ̀ á sì yà lọ́tọ̀. Nínú páànù, tòmátì ti mú kíkan wá, iná sì ti mú ooru wá, nítorí náà mílíìkì lásán tètè ń dì níbẹ̀. Kríìmù ń yè é torí ọ̀rá: ọ̀rá inú kríìmù tó ki ń tó bí 35 nínú 100, nígbà tí ti mílíìkì màlúù wà ní bí 4. Ọ̀rá pọ̀ láàárín, purotéènì kéré, wọn kì í sì í tètè rí ara wọn so.

Kríìmù wọ́n, ó sì ń fẹ́ fíríìjì tí iná kì í já. Mílíìkì inú agolo tí kò ní ṣúgà lè gba ipò rẹ̀ bí fúláwà bá ràn án lọ́wọ́. Kí a po fúláwà ṣíbí ìjẹun kan mọ́ bọ́tà díẹ̀ nínú páànù kí mílíìkì tó dé. Fúláwà náà á wú nínú omi gbígbóná, á dúró sáàárín purotéènì, ọbẹ̀ á sì ki. Kí iná lọ sílẹ̀ kí a tó máa da kríìmù tàbí mílíìkì náà sí i díẹ̀díẹ̀.

Parmesan, wàràkàṣì agbègbè Parma àti Reggio Emilia tí wọ́n ń tọ́jú fún oṣù 12 ó kéré tán kó tó kúrò ní ibi ìpamọ́, ni wọ́n ń rin sí ọbẹ̀ náà. Kí páànù ti kúrò lórí iná ká tó fi sí i, nítorí bí ooru bá pọ̀ jù, yóò lẹ̀ pọ̀ di kókó. Wàrà Ìlọrin kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, torí ooru ti dì í pinpin látìbẹ̀rẹ̀, kì í yọ́. Àìyọ́ yẹn ló ń jẹ́ ká lè dín in. Kí a gé e sí wẹ́wẹ́, kí a dín in pẹ̀lú iyọ̀, kí a tò ó sórí ọbẹ̀: èyí gan-an dára ju kí a máa fi Parmesan ìdajì owó oúnjẹ ṣòfò lọ.

Adìẹ á wá padà sínú ọbẹ̀, lórí iná jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, títí inú rẹ̀ á fi tó 74°C. Ẹni tí kò ní ohun èlò ìwọ̀n ooru, kó gé ibi tó ki jù. Bó bá ṣì pupa nínú, kó dá a padà. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí a ti fún omi rẹ̀ dànù lè tẹ̀lé e, àti ewé èfìnrín méjì tàbí mẹ́ta, torí mọ̀lẹ́bí èfìnrín ni ewé basil tí àwọn ará Ítálì ń lò, àmọ́ tiwa ta sánsán jù ú lọ.

Èyí tó bá ṣẹ́kù kò gbọdọ̀ wà níta ju wákàtí 2 lọ. Bí a bá fẹ́ gbé e kaná padà, ká fi omi díẹ̀ là á, ká má sì jẹ́ kó hó.