Tí wọ́n bá gbé ọkọ̀ Jàpáánù wá sí Mọníyà

Ó ti sú mi. Kí fídíò ọkọ̀ ojú irin Jàpáánù tàbí ti Ṣáínà sáà ti jáde lórí WhatsApp, ẹnì kan á ní: "Ṣebí àwa náà ní ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn. Kí ìjọba ra irú ọkọ̀ yìí, ká máa fi ìṣẹ́jú 40 dé Mọníyà." Ẹlòmíì á tún fi kún un pé ojú irin wa tuntun fẹ̀ tó tiwọn, mílímítà 1,435 géérégé, ọkọ̀ ló kù.

Lóòótọ́ ló fẹ̀ tó tiwọn. Ìwọ̀n yẹn náà ni wọ́n ń lò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ìgbà tí ọkọ̀ ṣì ń jẹ èédú. Ṣé ó wá ń fò nígbà náà?

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Mòrókò. Ní 2018 ni wọ́n ṣí Al Boraq, ọkọ̀ ojú irin ayára-bí-àṣá tiwọn, láti Tangier lọ sí Casablanca. Láti Tangier dé Kenitra, orí ojú irin tí wọ́n dìídì ṣe fún un, ó ń sá kìlómítà 320 ní wákàtí kan. Tó bá kọjá Kenitra, ó bọ́ sórí ojú irin àtijọ́ nìyẹn, kò sì gbọdọ̀ ju 160 lọ mọ́. Ọkọ̀ kan náà ni o. Èrò ò sọ̀kalẹ̀, ẹ̀rọ ò yí padà. Ìròmi tó ń jó lójú omi ni ọkọ̀ yẹn. Ìsàlẹ̀ ni onílù wà.

Kọ́nà gan-an ló ń dá ọkọ̀ lọ́wọ́ kọ́. Ẹni tó bá ti wọ dánfó rí mọ̀ ọ́n: awakọ̀ já kọ́nà láìtẹ bíréèkì, èrò wó lu ara wọn, ọmọ ìyá kan fi orí gbá gíláàsì. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ohun tó ń tì yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ á di ìlọ́po mẹ́rin. Òun ló fà á tí àwọn ará Jàpáánù, nígbà tí wọ́n ń la ti Tokyo sí Osaka tí wọ́n ṣí ní 1964, fi jẹ́ kí kọ́nà wọn máa tẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ká ní ẹ fa ọ̀kan nínú rẹ̀ títí tó fi di òbìrí, láti àárín òbìrí náà dé etí rẹ̀ á tó kìlómítà méjì àbọ̀, àfi níbi mélòó kan láàárín ìlú. Nígbà tí wọ́n wá ń ṣe èyí tó kọjá Osaka, wọ́n sọ ọ́ di kìlómítà mẹ́rin. Wọ́n sì ní ojú irin tẹ́lẹ̀ o, mílímítà 1,067, bí èyí tí òyìnbó fi sílẹ̀ fún wa. Wọn ò gbé ọkọ̀ tuntun lé e.

Ẹ wá mú irú kọ́nà bẹ́ẹ̀ láti Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta gba Agége, kẹ́ ẹ sọ fún mi ilé ta ni kò ní wó.

Mi ò sọ pé eré tiwa ò lè pọ̀ sí i. Eré kìlómítà 150 ní wákàtí kan ni wọ́n ya ojú irin Èkó sí Ìbàdàn fún. Láti London lọ sí Glasgow, ọkọ̀ wà tó ń fi ara tẹ̀ bó bá dé kọ́nà, tó ń sá nǹkan bí 200 lórí ojú irin àtijọ́. Bóyá ọ̀nà tó máa bá wa mu nìyẹn, bóyá kì í ṣe òun.

Àwọn tó ń ta ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. "Ọkọ̀ ayára-bí-àṣá máa tó gba ibí, owó ilẹ̀ á fò." Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n fi ibi tí kọ́nà rẹ̀ máa gbà hàn yín. Tó bá wá gba orí púlọ́ọ̀tì tiyín gan-an ńkọ́?